Kí Ọlọ́run Gbà Ọ́ Là: Ìtàn Orúkọ Diotisalvi

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, nígbà tí a bá dé orí ẹ̀kọ́ nípa orúkọ, pé ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín orúkọ Yorùbá àti orúkọ àwọn ará Yúróòpù. Orúkọ tiwa, mo máa ń wí, gbólóhùn ni. Ó ní olùwà, ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì sábà máa ń ní àbọ̀. Ọlọ́runfúnmi, Adébáyọ̀, Ifágbèmí: ẹni tí ó bá gbọ́ èdè, tí ó sì gbọ́ orúkọ, ti gbọ́ ìròyìn. Ní ti àwọn aláwọ̀ funfun, mo ní orúkọ wọn dà bí owó onírin àtijọ́ tí àwòrán ojú rẹ̀ ti pa rẹ́. Wọ́n ń ná an, ṣùgbọ́n wọn kò lè kà á mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá dùn mọ́ni nínú kì í pẹ́ kí ó tó di ẹ̀kọ́.

Orúkọ kan ṣoṣo ni ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Mo ń ka ìwé kan nípa àwọn ilé àtijọ́ ní Pisa, ìlú kan ní ilẹ̀ Ítálì tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí ilé agogo gogoro rẹ̀ tí ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nínú ọgbà kan náà ni ilé mìíràn wà, ilé róbótó ńlá tí wọ́n kọ́ fún ìrìbọmi. Nígbà tí ìwé náà dé orí ẹni tí ó gbé iṣẹ́ ilé yìí kalẹ̀, ó pè é ní Diotisalvi. Mo fẹ́ kọjá lọ, àfi bí ojú mi ṣe tún padà sí i. Mo mú ìwé atúmọ̀ èdè, mo sì pín orúkọ náà bí a ṣe ń pín orúkọ Yorùbá: Dio, ti, salvi. Dio ni Ọlọ́run. Ti ni ìwọ, ní ipò àbọ̀. Salvi ni kí ó gbà là. Kí Ọlọ́run gbà ọ́ là.

Mo jókòó, mo ń wò ó. Olùwà nìyí, àbọ̀ nìyí, ọ̀rọ̀-ìṣe nìyí. Kì í ṣe gbólóhùn oníròyìn pàápàá. Àdúrà ni, nítorí pé bí wọ́n ṣe yí ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn padà nínú èdè Ítálì ni wọ́n fi ń fi hàn pé ohun tí à ń sọ kò tíì ṣẹ, a ń fẹ́ kí ó ṣẹ ni, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń fi “kí” bẹ̀rẹ̀ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti sọ pé kò sí lọ́dọ̀ wọn ni ó wà nínú orúkọ ọkùnrin yìí, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀rúndún kejìlá.

Ó sì ní ohun kan tí tiwa kò sábà ní. Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ orúkọ Yorùbá, “mi” tàbí “wa” ni a máa ń rí: Olúwafúnmiláyọ̀, Olúwadàmílọ́lá, Ọlọ́runfúnwa. Òbí ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá dàgbà tán, “mi” náà a bọ́ sí ẹnu rẹ̀, òun náà a sì lè fi orúkọ rẹ̀ sọ nípa ara rẹ̀. Orúkọ tí ó kọjú sí ọmọ, tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó dúró níwájú ẹni, inú orúkọ àbíkú ni a ti sábà máa ń bá a pàdé: Málọmọ́, Dúrósinmí, Bánjókòó. Ẹ̀rù ni ó mú kí òbí kọjú sí ọmọ báyìí, ẹ̀bẹ̀ ni ó ń bẹ̀ ẹ́. Diotisalvi náà kọjú sí ọmọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ni ó ń bẹ̀. Ọlọ́run ni ó ń bẹ̀ nítorí ọmọ, ní etígbọ̀ọ́ ọmọ. Nígbàkigbà tí ìyá bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ké sí i pé kí ó wá jẹun, ìwúre ni ó ṣe. Bí ọ̀gá bá pè é láti bá a wí, ìwúre náà ni. Bí òun fúnra rẹ̀ bá sì pàdé àlejò tí ó sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un, àlejò náà ni àdúrà ọ̀hún bà lé, nítorí pé “ìwọ” inú orúkọ náà kò lè di “èmi” láéláé.

Nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Dio ti salvi jẹ́ ìkíni láàárín àwọn ará Ítálì àtijọ́. Ohun tí wọ́n ń wí fún ara wọn bí wọ́n bá pàdé lọ́nà ni. Nínú ẹ̀dà àtijọ́ àdúrà tí ìkíni áńgẹ́lì sí Màríà bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí gan-an ni wọ́n fi kí i ní èdè Ítálì. Àwa náà fi “kí” túmọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní Diotisalvi kò ju àdúrà lọ kò tíì sọ ọ́ tán. Ìkíni ni, irú èyí tí a ń kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ilé tí ọkùnrin náà kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Àkọlé Látìnì wà lára òpó nínú rẹ̀, tí ó sọ pé Diotisalvi ni ọ̀gá iṣẹ́ náà, tí òmíràn sì sọ pé oṣù kẹjọ ọdún 1153 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Àwọn ará Pisa máa ń bẹ̀rẹ̀ ọdún tiwọn ṣáájú àwọn ẹlòmíràn, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta, nítorí náà ọdún 1152 ni 1153 yẹn jẹ́ nínú kíkà tiwa. Orúkọ rẹ̀ tún wà lára ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́ nínú ìlú kan náà. Kò rí òpin iṣẹ́ ńlá yìí o. Ọ̀rúndún kẹrìnlá ni wọ́n tó parí òrùlé róbótó rẹ̀.

Ohun tí ó wù mí jù lára àkọlé yẹn ni èdè rẹ̀. Látìnì ni ẹni tí ó gbẹ́ ẹ ń kọ, nítorí pé Látìnì ni èdè ìwé, èdè òkúta, èdè ẹni tí ó ka ara rẹ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ pé Látìnì ni orúkọ náà, Deus te salvet ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ó yí ọ̀rọ̀ “Ọlọ́run” díẹ̀ kí ó lè jọ Látìnì, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ bí ìyá ọmọ ṣe ń pè é nínú ilé. Gbólóhùn èdè àbínibí kan ti gba inú orúkọ ènìyàn wọ inú àkọlé Látìnì. Ẹ rántí pé ẹ̀rí ìgbẹ́jọ́ tí wọ́n kọ ní ìlú Capua ní ọdún 960 ni àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ èdè Ítálì lórí ìwé, àti pé lẹ́yìn rẹ̀, àkọsílẹ̀ èdè náà kò pọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì gbà pé èdè tí wọ́n ń sọ nílé tó nǹkan tí à ń kọ, orúkọ ọmọ ti gbà á. Èmi tí mo ń fi Yorùbá jẹun kò lè gbọ́ irú èyí kí n má rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹnìkan lè wí pé orúkọ kan ṣoṣo kò tó láti fi yí ẹ̀kọ́ padà. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri, tí mo sì bá wọn lọ́pọ̀ yanturu ní agbègbè Tuscany, níbi tí Pisa, Florence àti Siena wà. Diotaiuti: kí Ọlọ́run ràn ọ́ lọ́wọ́. Diotallevi: kí Ọlọ́run tọ́ ọ dàgbà. Diotifeci: Ọlọ́run ni ó dá ọ. Bencivenga: kí ó wá bá wa dáadáa, tàbí kí ire wá bá wa. Bonaiuto: ìrànlọ́wọ́ rere. Ognibene: gbogbo ire.

Ìwé kan wà tí a lè fi wo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 1260, àwọn ọmọ ogun Florence àti ti Siena kọlu ara wọn ní Montaperti. Siena ṣẹ́gun, ìpakúpa sì ni. Nínú ìkógun tí wọ́n kó ni àwọn ìwé tí àwọn ará Florence fi ń to ọmọ ogun wọn wà: orúkọ àwọn tí ó gbọ́dọ̀ jáde, ti àwọn tí yóò gbé ọkà lọ, àti ti àwọn tí ó dúró fún ẹlòmíràn. Cesare Paoli tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1889. Olof Brattö, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, sì fi odindi ìwé tí ó jáde ní ọdún 1953 yẹ àwọn orúkọ inú rẹ̀ wò. Àwọn orúkọ ìwúre wọ̀nyí kún inú rẹ̀: Bonaccorso, Bencivenni, Benvenuto, Diotisalvi, Diotaiuti. Àwọn àgbẹ̀ ni, àwọn alágbẹ̀dẹ ni, wọn kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá. Mo máa ń ro ti ẹni tí ó ń ka orúkọ wọn sókè ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbéra. Ó ń pe ọmọ ogun, ó ń ṣe àdúrà, bóyá òun fúnra rẹ̀ kò kíyè sí i.

Àdúrà kan náà wà ní apá kejì ogun ọ̀hún. Ní Siena láàárín ọdún wọnnì ni ayàwòrán kan ń ṣiṣẹ́, tí ilé ìṣúra ìlú ń sanwó fún láti kun èèpo ẹ̀yìn ìwé ìṣirò owó wọn. Dietisalvi ni orúkọ rẹ̀, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà pe Diotisalvi. Ọmọ Speme ni wọ́n ń pè é, Speme sì ni ìrètí. Kí Ọlọ́run gbà ọ́ là, ọmọ Ìrètí. Bí a bá kọ irú èyí sínú eré onítàn, àwọn olùṣelámèyítọ́ yóò ní a ti ṣe é jù.

Bí àwa ṣe ń gé orúkọ kúrú, tí Olúwaṣẹ́gun ń di Ṣẹ́gun, tí Olúwafẹ́mi ń di Fẹ́mi, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ń gé tiwọn. Diotisalvi a di Salvi. Bencivenni a di Cenni, orúkọ yìí sì ni orúkọ gidi ayàwòrán ńlá tí ayé mọ̀ sí Cimabue. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Marsilio Ficino, tí ó gbé láti 1433 sí 1499, ẹni tí ó túmọ̀ gbogbo ìwé Plato sí Látìnì. Oníṣègùn ni bàbá rẹ̀, Diotifeci ni orúkọ rẹ̀: Ọlọ́run ni ó dá ọ. Wọ́n gé e, wọ́n fi ìrù kékeré tí wọ́n fi ń kẹ́ ọmọ sí i, ó di Ficino. Ọlọ́run bọ́ kúrò nínú orúkọ náà, “ìwọ” bọ́ kúrò. Ègé ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni ó ṣẹ́kù tí ọmọ jogún, tí ó sì fi kọ̀wé fún gbogbo Yúróòpù nípa Ọlọ́run àti ọkàn ènìyàn. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí ni n kò ti fi ojú kékeré wo orúkọ tí kò ní ìtumọ̀ mọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó ti ní in rí.

Wọ́n ní orúkọ àbísọ náà, èyí tí ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ ìbí ń mú wá. Alágbẹ̀dẹ wúrà Benvenuto Cellini, tí wọ́n bí ní Florence ní ọdún 1500, sọ ìtàn orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti ń wá ọmọ. Oyún ti bàjẹ́ lára ìyá rí, wọ́n sì bí obìnrin kan. Nígbà tí ìyá tún lóyún, gbogbo ilé gbà pé obìnrin náà ni, wọ́n tilẹ̀ ti mú orúkọ sílẹ̀ dè é, Reparata. Nígbà tí agbẹ̀bí wá fi aṣọ funfun wé ọmọ tí ó gbé e wá fún bàbá, ó ní ẹ̀bùn tí ẹ kò retí rèé. Bàbá wò ó, ọkùnrin ni. Ó pa ọwọ́ pọ̀, ó gbójú sókè, ó dúpẹ́, ó sì ní kí ọmọ náà káàbọ̀. Nígbà tí àwọn tí ó wà níbẹ̀ bi í pé kí ni kí a máa pe ọmọ, kò ní èsì mìíràn ju pé ó káàbọ̀ lọ. Benvenuto ni wọ́n fi sàmì fún un. Ìyá àgbà Yorùbá wo ni yóò gbọ́ ìtàn yìí tí yóò béèrè pé kí ni ó túmọ̀ sí?

Àṣà yìí kì í ṣe ti Tuscany nìkan. Ní ọ̀rúndún kẹrin àti ìkarùn-ún, àwọn Kristẹni Àríwá Áfíríkà fẹ́ràn orúkọ oní-gbólóhùn ní èdè Látìnì. Augustine tí wọ́n bí ní Thagaste, ní ilẹ̀ tí ó jẹ́ Àlgéríà lónìí, sọ ọmọ rẹ̀ ní Adeodatus, ẹni tí Ọlọ́run fi fúnni. Bíṣọ́ọ̀bù kan jẹ ní Carthage tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Quodvultdeus, ohun tí Ọlọ́run fẹ́. Àwọn onímọ̀ èdè rí i pé àṣà ìsọmọlórúkọ àwọn ará Carthage àtijọ́ ni ó wà lábẹ́ èyí, àwọn tí wọ́n ti ń fi òrìṣà wọn Baal sọ ọmọ lórúkọ, tí Hannibal fi túmọ̀ sí oore-ọ̀fẹ́ Baal. Nígbà tí àwọn Vandal gba Carthage ní ọdún 439, wọ́n kó Quodvultdeus àti àwọn àlùfáà rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi. Naples ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Nínú ibojì abẹ́ ilẹ̀ San Gennaro ní Naples, àwòrán bíṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ tò, aláwọ̀ dúdú tí ó di ìwé mú, tí wọ́n gbà pé òun ni. N kò sọ pé àwọn ará Tuscany kọ́ ti wọn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà méje ni ó wà láàárín wọn. Mo kàn ń sọ pé ẹni tí ó bá rò pé àwa nìkan ni a fi gbólóhùn sọ ọmọ lórúkọ, kò wo ibi tí ó jìnnà.

Kí ni ó wá dé tí Diotisalvi fi ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ lónìí, tí ó fi jẹ́ pé inú ìwé ìtàn ni a ti ń bá a pàdé ju lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé lọ?

Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ wá sí ẹnu ni pé ìjọ Kátólíìkì ni ó pa á. Ìdáhùn náà dùn, ó sì rọrùn fún àwa tí ìjọ bá jà nítorí orúkọ rí. Òtítọ́ ni pé lẹ́yìn ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó jókòó ní Trento láti 1545 sí 1563, katikísìmù tí ó jáde ní Róòmù ní ọdún 1566 ní kí a máa fi orúkọ ẹni mímọ́ sọ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ọdún dáadáa yóò rí i pé orúkọ wa ti ń kú kí òfin tó dé. David Herlihy, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 1988 nípa orúkọ àwọn ará Tuscany láti 1200 sí 1530, fi hàn pé láàárín ọ̀rúndún kẹtàlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn orúkọ ẹni mímọ́ borí. Nígbà tí Florence ka àwọn ènìyàn abẹ́ ìjọba rẹ̀ fún owó orí ní ọdún 1427, Antonio, Giovanni, Piero àti Francesco ni ó kún ilẹ̀. Kò sí bíṣọ́ọ̀bù kan tí ó fi ipá mú wọn. Àwọn òbí fúnra wọn ni wọ́n yàn án. Àwọn ẹgbẹ́ oníwàásù tuntun, ti Francis àti ti Dominic, ti gba ìlú kan. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1348, ta ni kò ní wá alágbàwí tí ó lágbára fún ọmọ rẹ̀? Dípò kí bàbá máa bẹ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ nínú orúkọ, ó fi ọmọ lé ẹni mímọ́ lọ́wọ́ kí ẹni mímọ́ bá a bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn òkú. Christiane Klapisch-Zuber, tí ó ka ìwé ìrántí àwọn ìdílé Florence lákàtúnkà, ṣàlàyé pé wọ́n máa ń sọ ọmọ tuntun ní orúkọ mọ̀lẹ́bí tí ó kú, tí wọ́n a sì ní àwọn tún ẹni náà ṣe. Babátúndé tiwọn nìyẹn, àyàfi pé orúkọ òkú náà gan-an ni wọ́n ń gbé wọ ọmọ. Ní kété tí èyí bá ti di àṣà, òbí kò tún hun gbólóhùn mọ́. Ó ń jogún rẹ̀ ni.

Ẹ wo ẹni tí ó lókìkí jù nínú àwọn tí ó jẹ́ orúkọ náà, Dietisalvi Neroni, olóṣèlú Florence. Ìdílé rẹ̀ ni wọ́n tún ń fi Dietisalvi pè, orúkọ náà ti di ohun ìní ilé. Ọ̀rẹ́ Cosimo de' Medici ni, ẹni tí ó ń darí ìlú náà. Nígbà tí Cosimo kú ní ọdún 1464, ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ Piero pé kí ó máa gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Machiavelli ròyìn pé Neroni gba Piero níyànjú kí ó béèrè gbogbo owó tí bàbá rẹ̀ yá àwọn ènìyàn. Piero ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣòwò wọko gbèsè, gbogbo wọn sì di ọ̀tá rẹ̀. Ní ọdún 1466 ni Neroni àti àwọn mìíràn dìtẹ̀ láti lé Piero. Ọ̀tẹ̀ náà já, wọ́n lé e kúrò nílùú, ó sì kú ní Róòmù ní ọdún 1482. Ère òkúta mábù tí Mino da Fiesole gbẹ́ ní àwòrán rẹ̀ lọ́dún 1464 wà ní Louvre ní Paris: ọkùnrin onírun kúkúrú, ẹnu pípa, ojú ẹni tí ó ń ṣírò. Bí ẹnìkan bá ké sí i ní òpópónà ní ọjọ́ tí ó sá, mo ń ṣe kàyéfì bóyá ó gbọ́ ohun tí wọ́n wí. N kò rò bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí a bá jogún, etí kì í sábà gbọ́ ọ mọ́.

Ìwé àkọsílẹ̀ náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Láyé Giovanni Villani, ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ẹ̀wà ni àlùfáà Florence fi ń ka àwọn ọmọ tí ó ń rì bọmi, dúdú fún ọkùnrin, funfun fún obìnrin. Ẹ̀wà kò ní orúkọ. Láti 1450 ni ìwé ìrìbọmi wọn tí ó wà títí dòní ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ bàbá ń di orúkọ ìdílé, àwọn gbólóhùn àtijọ́ sì ń sún láti ipò kìíní sí ipò kejì. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí di òní: Diotallevi, Bencivenga, Bencivenni, Salvi. Orúkọ bàbá ni gbogbo wọn. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ di èyí tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tí ìyá gbé sílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Kò sì ṣòro láti mọ ìdí, nítorí pé ta ni ó kù tí yóò tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dàgbà bí kò ṣe Ọlọ́run? Umberto Eco fi èyí ṣeré nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ ti ọdún 1988 nípa Pendulum Foucault, níbi tí Diotallevi kan ti ń jiyàn pé Júù ni òun, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń ní orúkọ ọmọ tí wọ́n gbé sọnù lásán ni.

Nítorí náà, mo ti pa ẹ̀kọ́ mi àtijọ́ rẹ́. N kò sọ mọ́ pé orúkọ wọn kò ní ìtumọ̀. Ohun tí mo ń sọ báyìí ni pé wọ́n ní in, wọ́n ní in gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe ní in, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nítorí ìdí tí ó dára lójú tiwọn: ìfẹ́ ẹni mímọ́, ìfẹ́ baba ńlá. Kò sí ẹni tí ó jí i lọ́wọ́ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé ṣé wọ́n mọ̀ nígbà tí ó ń lọ. Mo ní kí ó ka orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní àdúgbò tirẹ̀ lọ́dún náà wá fún mi, kí a jọ wò ó. Kò tíì mú un wá.

Òpópónà kan ń jẹ́ Via Diotisalvi ní Pisa, níbi tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ yunifásítì ìlú náà wà. Ilé róbótó náà kò jìnnà síbẹ̀. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ri ọmọ kan bọmi ní oṣù kejì ọdún 1564, nígbà tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ìgbìmọ̀ Trento tú ká. Ìdílé bàbá rẹ̀ wá láti Florence. Bonaiuti, ìrànlọ́wọ́ rere, ni orúkọ wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n oníṣègùn olókìkí kan jáde nínú wọn ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì pa orúkọ àtijọ́ tì, wọ́n fi orúkọ tirẹ̀ pe gbogbo ìdílé. Òun náà ni wọ́n tún ṣe lára ọmọ tuntun náà, ní orúkọ kìíní àti ní orúkọ kejì. Lábẹ́ òrùlé Kí-Ọlọ́run-gbà-ọ́-là, àlùfáà da omi sí i lórí, ó pè é ní Galileo, ọmọ Galilei.